Pósí Inú Tẹlifíṣọ̀n àti Ẹ̀rín Tó Bọ́ Lẹ́nu Ìyàwó Ilé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín o. Ẹ̀pẹ́ ni mò ń gbé pẹ̀lú ọkọ mi, àwọn ọmọ wa àti ìyá ọkọ mi. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ṣe jókòó tí à ń retí ìròyìn, ni wọ́n gbé ìpolówó ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan jáde. Pósí já bọ́ láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ìdérí rẹ̀ ṣí, òkú inú rẹ̀ sì gbórí sókè, ó bi àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Ṣé owó ìsìnkú mi ti pé báyìí?" Ẹ̀rín pa èmi àti àwọn ọmọ. Màmá tí wọ́n ń bó ẹ̀gúsí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò sọ nǹkan kan. Wọ́n gbé àtẹ wọn, wọ́n sì wọ yàrá lọ. Ìgbà náà ni mo tó rántí pé kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀sà gbé àbúrò wọn lọ. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá? Ta ló sì ń fún irú ìpolówó bẹ́ẹ̀ láyè? (Ìyàwó Ilé, Ẹ̀pẹ́)

ÌDÁHÙN: Ìyàwó wa, ẹ kọ́kọ́ bá wa kí Màmá kú ará-fẹ́ra-kù. Ẹ̀rín kì í tọrọ àyè kó tó bọ́ lẹ́nu ènìyàn, nítorí náà a kò ní pe tiyín ní ẹ̀ṣẹ̀. Yorùbá pàápàá kò sá fún fífi ikú dápàárá: bí arúgbó bá kú, níbòmíràn, àwọn ọmọ-ọmọ a máa wọ aṣọ rẹ̀, wọn a máa sín ìrìn rẹ̀ jẹ, gbogbo ilé a sì máa rẹ́rìn-ín nídìí òkú gan-an. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀, tàbí ẹni tí omi gbé lọ, ta ni yóò dápàárá níbẹ̀? Aláwàdà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a kọ́kọ́ wo ojú àwùjọ. Ohun tí ìpolówó tẹlifíṣọ̀n kò lè ṣe nìyẹn, nítorí pé ìṣẹ́jú kan náà ló ń wọ pálọ̀ ẹni tó ń ṣe ìyàwó àti ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ní ọdún 2007, General Motors, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ nílẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìpolówó kan jáde nígbà Super Bowl, ìdíje àṣekágbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nínú èyí tí wọ́n ti lé rọ́bọ́ọ̀tì kan níṣẹ́ nítorí ìdè (skúrù) kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó wá bẹ́ sódò láti orí afárá lójú àlá. Àwọn tó ń gbógun ti ìpara-ẹni fárígá, ilé-iṣẹ́ náà sì yí apá ibẹ̀ padà. Ní 2012 ẹ̀wẹ̀, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin Melbourne ní Ọsirélíà fi orin àti àwòrán ẹ̀fẹ̀ kìlọ̀ fún èrò nípa ikú òmùgọ̀. Ayé kọ orin náà, ó sì gba Grand Prix (ẹ̀bùn tó ga jù) márùn-ún níbi àjọ̀dún àwọn onípolówó ní Cannes, ilẹ̀ Faransé, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, irú ẹni tó ń fi igi tọ́ béárì, ẹranko búburú, níjà nínú orin náà ni wọ́n fi ṣẹ̀fẹ̀ ní Melbourne, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́ ni rọ́bọ́ọ̀tì yẹn, ta ni kò sì mọ irú rẹ̀ ládùúgbò? Èyí tó dùn mí jù nínú tiyín náà kì í ṣe pósí, bí kò ṣe ìbéèrè owó ìsìnkú yẹn, tó ń fi àwọn ọmọ tí kò rówó sin bàbá wọn ṣe yẹ̀yẹ́. (Ẹ kò sì dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà; bóyá ẹ kò tilẹ̀ rántí rẹ̀. Ẹ̀rín ti gba gbogbo àyè mọ́ ọjà lọ́wọ́.)

Ní ti ẹni tó ń fún wọn láyè, òfin ọdún 2022 ló sọ APCON àtijọ́ di ARCON, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso ìpolówó, tó sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó dé orí afẹ́fẹ́. Ẹ lè kọ̀wé sí wọn, tàbí sí NBC tó ń bójú tó àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n; ẹ kọ orúkọ ìkànnì náà, ọjọ́, aago, àti ohun tí ẹ rí gan-an.

Ní ti Màmá, ẹ má ṣàlàyé àwàdà fún wọn. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ ní ẹ gbàgbé ara yín ni, kí ẹ sì bá wọn bó ẹ̀gúsí tó kù lórí àtẹ.