Èsì fún àbúrò tó fẹ́ fi fóònù kọ́ Faransé kó tó lọ sí Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, mo kí ọ o, o kú oríire ìwé tí o parí ní LAUTECH. Mo ka ìbéèrè rẹ dáadáa: àǹtí rẹ tó ń gbé ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní orílẹ̀-èdè Benin, ní kí o máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, iṣẹ́ wà, àmọ́ kí o ti gbọ́ Faransé díẹ̀ kí o tó dé. O wá ń bi wá pé áàpù wo ló dára jù, àti pé ṣé oṣù mẹ́ta á tó. Èmi ń ta aṣọ ní Tákié níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, Kútọnu ni mo ti ń ra àǹkárá, ní ọjà Tokpa. Ojú mi ti rí tó lójú ọ̀nà yẹn, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi fi máa pọ̀ díẹ̀.

Kí n tètè yanjú ti áàpù ná. Gba Duolingo, ọ̀fẹ́ ni, ó dáa fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Tí o bá ní sùúrù, gba Anki, kí o máa kọ ọ̀rọ̀ tí o bá gbọ́ sínú rẹ̀ fúnra rẹ. Máa gbọ́ ìròyìn RFI, ilé iṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé, tí wọ́n ń pè ní Journal en français facile. Wọ́n máa ń ṣàlàyé ohun tó bá le níbẹ̀, wọ́n sì máa ń kọ ohun tí wọ́n sọ sílẹ̀, wàá lè máa fojú bá a lọ. Ti páásípọ́ọ̀tù àti ti ṣíṣẹ́ owó sí CFA, ìyẹn ò le, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n. Ó tán.

Ibi tí wàhálà wà ni pé áàpù máa ń dúró dè ọ́. Tí o kò bá gbọ́, wàá tẹ̀ ẹ́, á tún un sọ. Tó bá ṣì yá jù, wàá tẹ ibi tí wọ́n ya ìjàpá sí, á wá máa sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ ní ẹnubodè.

Tẹ́lẹ̀, ẹnìkan ló máa ń bá mi ra ọjà wá. Nígbà tí mo ti ń fi áàpù yìí kọ́ Faransé lálaalẹ́ tó ti pẹ́ díẹ̀, mo gbéra lọ fúnra mi. N kò ní dárúkọ ẹnubodè tó ti ṣẹlẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni ìwọ náà máa gbà. Òṣìṣẹ́ kan gba páásípọ́ọ̀tù gbogbo àwa tí a wà nínú ọkọ̀, ó gba yẹ́lò káàdì wa, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú, mọ́ ọn. Nígbà tó kan tèmi, ó ṣí káàdì náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ ọjọ́ tí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, ó sọ̀rọ̀. N kò gbọ́ ẹyọ kan. Ó tún un sọ, ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ní "pardon". Ó ju ìwé mi sínú dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀, ó tì í, ó pe ẹni tó kàn.

Bí mo ṣe dúró nìyẹn. Oòrùn ń pa mí, dẹ́rẹ́bà ń fun fèrè, àwọn tí a jọ wọkọ̀ ti ń fajú ro sí mi. Mo padà lọ bá a, ó kàn juwọ́ sí mi pé kí n kúrò níwájú òun, kò gbójú sókè. Àwọn ọmọ kan tó máa ń rìn káàkiri ibẹ̀ wá bá mi, Yorùbá ni wọ́n sọ: "Màmá, ẹ wá nǹkan fún wọn, ẹ jẹ́ ká lọ." Iye tí wọ́n pè tó owó tí n bá fi ra odidi ìdì àǹkárá kan. Mo fẹ́ béèrè pé kí ló ṣe káàdì yìí, òfin wo ni mo rú, ta ló ní kí n san owó. Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ti ṣe, kò sí èyí tó jọ gbólóhùn wọ̀nyẹn. Ohun tó ń wá sí mi lẹ́nu ni ti ọmọbìnrin tó ń jẹ ápù àti ti ológbò dúdú. Omi lé ròrò sójú mi. Èmi tí mo ń bá èèyàn nájà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ní Tákié, n kò rí ọ̀rọ̀ sọ nígbà tí wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ lójúkorojú.

Ìyá àgbàlagbà kan láti Èjìgbò wà nínú ọkọ̀ náà, Abidjan ní Ivory Coast ló ń lọ. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó lọ bá òṣìṣẹ́ náà. Kò tíì béèrè nǹkan kan o. Ó kọ́kọ́ kí i, ó pè é ní "chef", ó bi í pé iṣẹ́ ńkọ́, ilé ńkọ́. Ọkùnrin náà dáhùn. Ìgbà náà ló wá béèrè káàdì mi, ó gbé e sókè, mo sì ń gbọ́ tó ń sọ pé "à vie, à vie", ìyẹn títí ọjọ́ ayé. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣí dúrọ́ọ̀. N kò san kọ́bọ̀.

Inú ọkọ̀ ni màmá yìí ti ṣàlàyé fún mi. Òṣìṣẹ́ yẹn ní ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, pé káàdì mi kò wúlò mọ́. Irọ́ ni. Lóòótọ́, ọdún 10 ni wọ́n máa ń kà fún abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 11 oṣù July, ọdún 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé ti yí i padà. Tí wọ́n bá ti gún ọ lẹ́ẹ̀kan, ó di títí ọjọ́ ayé rẹ, káàdì tí wọ́n ti fúnni ṣáájú ọjọ́ náà sì wà lára rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi síbẹ̀ láti máa yẹ káàdì wò lójoojúmọ́, ṣé ó lè ní òun ò mọ̀? Ó mọ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Láti ọdún 1979 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti fọwọ́ sí i ní Dakar pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú wọn lè wọ òmíràn, kó sì lo 90 ọjọ́ láìgba físà. Síbẹ̀, wọ́n á wojú èèyàn ná, wọ́n á gbọ́ ohùn rẹ̀, kí wọ́n tó mọ iye tí wọ́n máa pè.

Nítorí náà, kí o tó gbéra, wá ibi tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ̀rọ̀ yìí ní èdè Faransé, ya àwòrán rẹ̀ sórí fóònù rẹ, torí dátà Nàìjíríà lè má ṣiṣẹ́ mọ́ níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé o kò tíì gba abẹ́rẹ́ rárá, má fi falẹ̀: ó gbọ́dọ̀ pé ọjọ́ 10 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kí káàdì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Má sì gba káàdì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní garéèjì láìgún abẹ́rẹ́. Àìsàn gidi ni, ó ń pa èèyàn.

Nígbà tí mo padà wálé, Èjìgbò ni mo lọ. Èjìgbò kò jìnnà sí wa rárá, ó kàn jẹ́ pé Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló wà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń lọ sí Abidjan, láti ayé àwọn bàbá bàbá wọn. Ọkọ̀ ń gbéra láti Èjìgbò tààrà, á gba Benin, Togo àti Gánà kọjá kó tó dé ibẹ̀. Anango ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá lọ́hùn-ún. Tí o bá wọ ọjà Èjìgbò, wàá gbọ́ tí ìyá arúgbó ń fi Faransé bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Abidjan, tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ sílé kí wọ́n wá kàwé, àwọn mìíràn wà nínú wọn tí Faransé yọ̀ lẹ́nu wọn ju Yorùbá lọ. Gbogbo èyí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí, a wá ń fi dátà wá olùkọ́ kiri òkè òkun.

Aránṣọ kan tí wọ́n bí sí Abidjan ló kọ́ mi. A ò ṣí ìwé. Á tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, á dá iye kan lé e ní Faransé, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ náà, mo sì gbọ́dọ̀ ná an kó tó ká a tán. Tó bá ti ká a tán, ọjà ti lọ nìyẹn, ó di òmíràn. Bí mo bá fi Yorùbá dáhùn, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Níbẹ̀ ni owó kíkà ti yé mi. 70 tiwọn, 60 àti 10 ni. 80 wọn, ogún mẹ́rin ni, bíi ti ọgọ́rin wa gan-an. 90 wọn, ogún mẹ́rin àti 10. Àwa ń yọ 10 kúrò nínú ọgọ́rin kó tó di àádọ́rin, àwọn ń fi kún un ni, ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé òyìnbó nìkan ni wọ́n fi ń ka owó máa ń há síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ìyá rẹ̀ bá kọ́ ní owó kíkà Yorùbá, kò ní pẹ́ yé e.

Fóònù wúlò fún mi lẹ́yìn ìgbà náà, mi ò purọ́. Aránṣọ yìí á fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, èmi náà á fi ohùn dá a lóhùn. Tí mo bá ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan tó yé mi, mo máa ń tẹ ibi tó ń mú un yára, ìyẹn 1.5, kí n tún un gbọ́. Ṣe ìyẹn, jọ̀ọ́. Ohun tí etí ń fẹ́ ni kí ọ̀rọ̀ máa yára, kó má dúró dè é.

Àwọn bàbá wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà ṣe é rí. Ọ̀pọ̀ agbo ilé nílùú yìí ló ní ẹni tó ṣòwò ní Gánà kí ìjọba Busia tó ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé ìgbélùú máa lọ ní November 1969. Wọ́n gbọ́ Twi, wọ́n gbọ́ Hausa. Kò sẹ́ni tó kó wọn jókòó sí kíláàsì.

Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi sí àwọn kan tó ń pe ara wọn ní ọ̀jọ̀gbọ́n èdè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan gba owó wa nínú ẹgbẹ́ WhatsApp kan, ó ní ahọ́n Yorùbá wúwo fún Faransé, pé ká san owó ẹ̀kọ́ ohùn lọ́tọ̀. Ó dùn mí wọra. "é" wọn, "e" wa ni. "È" wọn, "ẹ" wa ni. "O" àti "ọ" wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohùn tó ń gba imú nínú "bon" wọn, òun náà ni àwa ń pè nínú "ìbọn" láti kékeré. Ohun tó máa yọ ọ́ lẹ́nu ni "u" wọn, àti "r" tó ń ti ọ̀fun wá, àti pé gbogbo nǹkan ni wọ́n sọ di akọ tàbí abo, tábìlì pàápàá, abo ni. Bí o bá pe "la" ní "le" nínú ọjà, wọ́n á ṣì ta ọjà fún ọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn gba owó lọ́wọ́ rẹ.

Irú wọn náà ló ń kó àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ sí Kánádà lọ ṣe ìdánwò Faransé tí wọ́n ń pè ní DELF. Mo rí i pé o dárúkọ Kánádà náà, pé bóyá lọ́jọ́ iwájú. DELF dára, kò ní ọjọ́ tí agbára rẹ̀ ń tán, ṣùgbọ́n ìjọba Kánádà kò gbà á fún àwọn tó fẹ́ wá gbé ibẹ̀ nípasẹ̀ Express Entry, ètò tí wọ́n fi ń yan òṣìṣẹ́ láti òkè òkun. TEF Canada àti TCF Canada ni wọ́n ń gbà, èsì rẹ̀ kò sì gbọ́dọ̀ ju ọdún 2 lọ. Bi olùkọ́ tó bá fẹ́ gbowó rẹ léèrè èyí, kí o wo bó ṣe máa dáhùn.

Ẹlòmíràn sì lè sọ fún ọ pé kí o tètè gba másítà kan ní Kútọnu kí o tó padà. Sá. Oníròyìn Nàìjíríà kan gba dìgírì níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ 6, ó sì gbé e jáde fáyé rí. Ní January 2024 ìjọba àpapọ̀ dá yíyẹ ìwé-ẹ̀rí láti Benin àti Togo wò àti fífọwọ́ sí i dúró. Àwọn tó fi òógùn ojú kàwé níbẹ̀ jẹ nínú ìyà yẹn pẹ̀lú àwọn tó rà á.

Ó ku ti oṣù mẹ́ta. Tí o bá ń lọ sí Èjìgbò lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí o sì ń fi ohùn bá ẹnìkan sọ̀rọ̀ láàárín, ó tó láti kí èèyàn, láti nájà, láti dáhùn ní ẹnubodè. Kò tó fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ìpele gbígbọ́ èdè tí wọ́n ń pè ní B2 ni ọ̀pọ̀ yunifásítì ní ilẹ̀ Faransé máa ń béèrè, iṣẹ́ tó bá ní lẹ́tà kíkọ nínú náà á fẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn sì ju oṣù mẹ́ta lọ fíìfíì. Bi àǹtí rẹ pé irú iṣẹ́ wo ni, kó sọ ọ́ ní kedere.

Mo tún fẹ́ kí o ṣọ́ra fún Àjàṣẹ́ fúnra rẹ̀. Yorùbá ni wàá máa gbọ́ káàkiri ibẹ̀, àti Gun, èdè àwọn Ẹ̀gùn. Wàá jí, wàá kí àǹtí rẹ ní Yorùbá, wàá ra ẹ̀kọ ní Yorùbá, ilẹ̀ á ṣú. Mo mọ ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀ tí kò lè fi Faransé ra oògùn. Bẹ àǹtí rẹ kó fi ọ́ sọ́dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, bó ṣe wákàtí díẹ̀ lójúmọ́, ṣọ́ọ̀bù ni o, ilé ìdáná ni o.

Tí o bá fẹ́ lọ sí Èjìgbò, kọ̀wé sí mi níkọ̀kọ̀. Aránṣọ yẹn ṣì ń kọ́ èèyàn, ọjọ́ Sátidé ló máa ń ráyè jù. Mo máa bi í ná kí n tó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Mú aṣọ ọ̀pá díẹ̀ dání tí o bá ń lọ, tìẹ ni ẹ máa fi nájà.