Ibà tí ò gbọ́ oògùn malaria

Àǹtí Ẹ̀pẹ́, ẹ kú ìtọ́jú aláìsàn o. Ẹ ní ibà ń ṣe èèyàn mẹ́ta nínú ilé kan náà, wọ́n lo oògùn malaria tán, kò lọ, ẹ wá ń bèèrè ẹni tẹ́ ẹ lè fi tó létí àti bóyá wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù yín pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi ná.

Àbúrò ọkọ mi ni mo gbé lọ sí ọsibítù àdáni kan ní Ìkòròdú níbí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, wọ́n ní malaria ni. Ọjọ́ kẹta wọ́n fi tàìfọ́ọ̀dù kún un, wọ́n gbé dírípù míì kọ́. Nígbà tó di ọjọ́ karùn-ún, ọ̀fun ń dùn ún débi pé itọ́ pàápàá ò ṣeé gbé mì, ojú ẹ̀ wú, mo wá sọ fún dókítà pé a rí ìgbẹ́ eku nínú báàfù gàrí wa, ó ní kí n jẹ́ kí òun ṣiṣẹ́ òun. Kí n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ẹ̀! Èmi tí mò ń fọwọ́ lásán nu èébì, tí mo fi ìró ara mi nù ún lẹ́nu nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ní èrìgì ẹ̀ lọ́jọ́ keje. Nọ́ọ̀sì kékeré kan ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé kí n sáré lọ bá DSNO ní lókà gọ́fúmẹ́ńtì, ẹni tó ń tọpa àrùn tó ń ràn nìyẹn, lókà kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n gbé e sínú kúlà. Ibà Lassa ni, àrùn tí eku ń kó ran èèyàn. Ó ti kú kí èsì tó dé.

Láti 1969 ni wọ́n ti mọ àrùn yìí ní ìlú Lassa ní Borno, ribavirin ni oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀, wọ́n sì ní kí wọ́n tètè fún èèyàn, kí ló dé tí dókítà ò fi ronú kàn án fún odidi ọjọ́ méje? Ní 2014, malaria náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò fún ọkùnrin tó gbé Ebola wọ Èkó, Dókítà Adadevoh tó ń tọ́jú ẹ̀ ló fura, ó kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà ò ní kúrò ní ọsibítù. Dókítà náà kó o, ó sì kú.

Ẹ pe 6232, ti NCDC nìyẹn, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn tó ń ràn, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má gba abẹ́rẹ́ ní kẹ́míìsì. Tí ẹnikẹ́ni bá sì kú, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, ẹ má fọwọ́ kan òkú. Àwa fọwọ́ ara wa wẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni wọ́n fi ń wọn ìgbóná ara wa láàárọ̀ lálẹ́ fún ọjọ́ 21, tí mo bá ti rí 37.4 lójú tẹmómítà báyìí òógùn á bò mí. Gàrí náà, ẹ wá nǹkan tó ní ìdérí tó le kó o sí, ẹ má sá oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mọ́.

Kẹ́ ẹ tó pè, ẹ kọ ọjọ́ tí ibà mú ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ àti ẹni tó kọ́kọ́ mú, torí ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí nìyẹn, mi ò sì rántí mọ́.