Lẹ́tà tó ń béèrè ẹ̀rí màlúù tí a fi gba owó kòrónà

Àbúrò mi, ẹ kú ìdààmú. Ẹ ní ọ́fíìsì àgbẹ̀ ní káúńtì yín kọ̀wé pé kí ẹ mú ẹ̀rí iye màlúù tí ẹ fi gba owó CFAP, ìyẹn owó ìrànwọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà san fún àwọn àgbẹ̀ nítorí kòrónà, lọ́dún 2020 wá, ẹ ò sì rí rìsíìtì kankan. Ẹ fara balẹ̀. Irú lẹ́tà yẹn dé ọ̀dọ̀ mi níbí ní Texas. Wọn ò pè yín lólè. Iye tí oníkálukú fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ni wọ́n fi sanwó nígbà náà, wọ́n wá ń padà yẹ̀ ẹ́ wò ni.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n san owó yẹn, òfin ẹ̀ ò sì rí bákan náà. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n ka gbogbo màlúù ẹran jíjẹ tí mo ní láàárín ọjọ́ 16 oṣù kẹrin sí ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún, àtìyá àtọmọ, 33 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tèmi jẹ́ 41. Mo tún ti ta ọmọ màlúù 6 tí kò tó 600 pọ́n-ùn ní oṣù kejì, ìyẹn jẹ́ 102 dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 1,965 dọ́là. Ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ́kọ́ wọlé, ìyókù dé lẹ́yìn náà. Ẹ rántí ìgbà yẹn: àwọn ilé ìpẹran ńláńlá ń tilẹ̀kùn, owó màlúù já wálẹ̀, ẹran ò sì ní torí ẹ̀ má jẹun. Owó yẹn ni mo fi ra koríko.

Nígbà tí ẹlẹ́ẹ̀kejì dé ní oṣù kẹsàn-án, ó di 55 dọ́là, mo tún kọ 41. N ò mọ̀ pé wọ́n ti yọ màlúù tí a ń sìn fún ọmọ bíbí kúrò. 27 nínú tèmi nìyẹn. 1,485 dọ́là tí kò tọ́ sí mi ni mo ti gbà, tí mo sì ti ná. Ó dùn mí gan-an, ṣùgbọ́n mo dá a padà.

Ìwé kékeré kan tí mo ń jù sínú ọkọ̀ ló gbà mí lórí ti àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí a bá gún wọn lábẹ́rẹ́, mo máa ń kọ nọ́ńbà etí wọn sínú ẹ̀. Òjò ti pa ojú ewé oṣù kẹrin yẹn, báírò ti ṣàn, síbẹ̀ obìnrin tó dá mi lóhùn ní ọ́fíìsì náà fi ìka tẹ̀ lé e ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi kà á dé 41.

Bí ẹ ò bá ní irú ẹ̀, ẹ lọ sí ọjà gbàǹjo tí ẹ ti ta màlúù, kí wọ́n tún ìwé títà yẹn tẹ̀ fún yín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹran náà, àti ibi tí ẹ ti ń ra oúnjẹ wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má jókòó kọ ìwé tuntun kí ẹ fi déètì 2020 sí i. Ìyẹn ló lè sọ àṣìṣe di ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù méjèèjì tí ẹ fọwọ́ sí, kí ẹ wo iye ìyá màlúù tó wà nínú ti ẹlẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ bá sì máa dá owó padà, ẹ sọ fún ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí, torí wọ́n ti kọ ọ́ sórí 1099-G yín, ìyẹn fọ́ọ̀mù owó orí tó ń fi owó tí ìjọba san fún yín hàn, gẹ́gẹ́ bí owó tó wọlé.

Ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún yín nínú lẹ́tà náà? Ìyá màlúù mélòó lẹ sì ní nígbà yẹn?