Ẹ lè wọ bọ́ọ̀sì dé Preikestolen

Ẹ kú ìrìnàjò o. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ ò ní mọ́tò, tí ẹ fẹ́ gun òkè létí fjord (apá òkun tóóró tó wọ àárín àwọn òkè gíga) ní Norway, Preikestolen ni kí ẹ lọ. Bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀ láti ìlú Stavanger nígbà ooru. Láti ìparí 2019 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà abẹ́ òkun Ryfylke, kò sí wàhálà ọkọ̀ ojú omi mọ́.

Bí ẹ bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹsẹ̀ lẹ máa fi gòkè: àlọ àti àbọ̀ tó kìlómítà 8, bíi wákàtí 4. Àwọn Sherpa, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kan tó ń gbé orí òkè ní Nepal, ló to òkúta ọ̀nà náà bí àtẹ̀gùn, iṣẹ́ ọwọ́ wọn wú mi lórí gan-an! Orí òkè ọ̀hún tẹ́ pẹrẹsẹ, mítà 604 sókè omi Lysefjord, kò sì sí irin ìdáàbòbò kankan létí rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di ọmọdé lọ́wọ́ mú. Bí òjò bá rọ̀, òkúta ibẹ̀ ń yọ̀. Kí ẹ tó gòkè, ẹ wo aago tí bọ́ọ̀sì ìkẹyìn máa gbéra.