Ṣé Ẹnì Kan Náà Ni Gbogbo Ayé Ń Retí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Wọ́n fi mẹ́sẹ́ẹ̀jì kan sórí Wásáàpù ẹbí wa, wọ́n ní Mèsáyà àwọn Júù, Mahdi táwa Mùsùlùmí ń retí nígbà ìkẹyìn ayé, Maitreya àwọn ẹlẹ́sìn Búdà àti Kalki àwọn Híńdù, pé ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, orúkọ ló kàn yàtọ̀. Àǹtí mi ní àmín, bọ̀dá mi ní irọ́ ni. Ta ni ká gbà gbọ́? — Òǹkàwé, Ìwó

ÌDÁHÙN: Bọ̀dá yín ló sún mọ́ òótọ́ jù, àmọ́ kó má tíì máa yọ̀. Ẹni tó kọ mẹ́sẹ́ẹ̀jì yẹn ṣa ibi tó jọra, ó fi ìyókù sílẹ̀. Ẹ bi ẹlẹ́sìn kọ̀ọ̀kan pé kí ni ẹni yẹn ń bọ̀ wá ṣe. Mèsáyà àwọn Júù, èèyàn ni, ọmọ ìran Dáfídì tó máa kó wọn jọ padà sílé táá tún tẹ́ḿpìlì kọ́, Kalki ní tiẹ̀, Vishnu, ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ńlá wọn, fúnra ẹ̀ ni, á gun ẹṣin funfun wá ní ìparí sànmánì burúkú yìí, Maitreya sì rèé, ìgbà tí ẹ̀kọ́ Búdà bá ti parẹ́ láyé ló máa wá tún un kọ́ àwọn èèyàn, kò bá ẹnikẹ́ni jagun. Báwo ni gbogbo wọn ṣe fẹ́ di ẹnì kan?

Àwa Mùsùlùmí gan-an ò tíì fẹnu kò. Ọ̀pọ̀ Ṣíà ní wọ́n ti bí Mahdi tipẹ́, pé òun ni imáàmù kejìlá, ìyẹn aṣáájú wọn kejìlá, tó wọ ìpamọ́ lọ́dún 874, ọ̀pọ̀ Súnì ní wọn ò tíì bí i. Àwọn Ahmadiyya, tí wọ́n ti wà l'Ékòó láti 1916, ní ó ti wá ó ti lọ, pé Mirza Ghulam Ahmad ará Qadian ní Íńdíà ni, òun náà sì ni Mèsáyà. Ẹ̀sìn kan ṣoṣo lèyí o!

Ohun tó jọra lóòótọ́ ni ìyà tó ń mú káwọn èèyàn máa retí ẹni tó máa gbà wọ́n. Ní Sùdáànì, ìjọba àwọn Tọ́kì àti Íjíbítì ń gba owó orí lọ́wọ́ aráàlú bí ẹni ń já nǹkan gbà, nígbà tí Muhammad Ahmad wá sọ lọ́dún 1881 pé òun ni Mahdi, àwọn èèyàn ya tẹ̀ lé e. Wọ́n gba Khartoum ní January 1885, wọ́n pa Gordon, gómìnà òyìnbó tó wà níbẹ̀, ní June ọdún yẹn kan náà Mahdi kú, ayé ò sì parẹ́.

Àmín àǹtí yín náà ní ẹlẹ́gbẹ́ ṣá. Àwọn ẹlẹ́sìn Bàháì gbà pé Baha'u'llah ará Ìráànì, tó kéde ara ẹ̀ lọ́dún 1863, ni gbogbo ẹ̀sìn yẹn ń retí. Ìgbàgbọ́ tiwọn nìyẹn, kì í ṣe ohun téèyàn lè fi Wásáàpù ṣe ẹ̀rí ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ibo ni Mahdi wà nínú Al-Kùránì? Mo wá a títí. — Òǹkàwé, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ ò lè rí i, orúkọ ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Inú hádíìsì, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, ló wà, ẹ wo èyí tí Abu Dawud àti Tirmidhi kó jọ.