Èsì: Ìdí tí Porsche 917 fi ń fì kiri
Ọ̀gá mi, ìrù, ìyẹn apá ẹ̀yìn ara ọkọ̀, ló fà á tí ọkọ̀ ìdíje Porsche 917 ti 1969 fi ń fì kiri lọ́wọ́ awakọ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì bí ẹ ṣe rò. Bó bá ti ń sáré àsápajúdé ni atẹ́gùn máa ń gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Tó bá rọra ń lọ, kò sí wàhálà.

Nígbà tí wọ́n ń dán an wò ní Austria, October 1969, ẹnjiníà John Horsman rí i pé òkú kòkòrò lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ náà, àmọ́ etí ìrù rẹ̀ mọ́ tónítóní. Atẹ́gùn ò kan ibẹ̀ rárá nìyẹn! (Kòkòrò di ẹnjiníà.) Wọ́n bá fi páànù ṣe ìrù kúkúrú tó ga sókè, ọkọ̀ sì fara balẹ̀.

Irú ìyẹn, tí wọ́n ń pè ní 917K, ni awakọ̀ Herrmann àti Attwood fi borí nínú ìdíje ọkọ̀ oníwákàtí mẹ́rìnlélógún ti Le Mans, ní France, ní 1970.