“Bring up”: Ṣé bàbá gbé oúnjẹ wá sókè ni, àbí ó bì?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe nílùú Leeds. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú sọ fún mi pé bàbá kan “brought up his supper”. Mo ṣe bí bàbá fúnra wọn ló gbé abọ́ gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àfi ìgbà tí mo rí aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ṣebí ọmọ títọ́ ni wọ́n kọ́ wa pé ó ń jẹ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ohun tí wọ́n kọ́ yín tọ̀nà, kò kàn tó ni. Ohun tí wọ́n bá dárúkọ mọ́ “bring up” ni kí ẹ máa wò. Tó bá jẹ́ oúnjẹ tàbí oògùn tó ti wọ ikùn, èébì ni. Tí dókítà bá bi oníkọ́ pé “Are you bringing anything up?”, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ló ń béèrè. Ọmọ ọwọ́ tó “brings up wind” kò bì rárá, ó gùfẹ̀ ni. Èyí tó gba ìṣọ́ra ni “He's bringing up blood”, torí kò sọ bóyá inú ikọ́ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde tàbí inú èébì. Ẹ ké sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ èyí tí ẹ rí: “coughing up blood” tàbí “vomiting blood”.

Ní ìpàdé, “bring it up” ni pé kí ẹ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. (Ẹ má sọ pé “bring up it” o, àárín ni “it” ń wà.) Nídìí kọ̀ǹpútà, “bring up her notes” ni pé kí ẹ ṣí àkọsílẹ̀ màmá náà.

Ti ọmọ títọ́ tí ẹ mọ̀ yẹn gan-an ni àwa Yorùbá ń ṣì lò jù: “I brought up in Ìbàdàn”. Ẹni tó gbọ́ á máa rò ó pé ta lẹ tọ́ níbẹ̀, àbí kí lẹ bì. “I grew up” tàbí “I was brought up” ni kí ẹ sọ.

Nínú ìwé iṣẹ́ yín, “vomited” ni kí ẹ kọ, àti aago tó ṣẹlẹ̀. Bí bàbá bá ti lo oògùn alẹ́ kó tó bì, ẹ kọ ìyẹn náà sí i.